Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Báwo ni wọ́n ṣe ń yẹ ètò ìjọba wò?

Oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà kòrónà, ni ìjọba Tógò dá ètò owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní Novissi sílẹ̀. Ní Lomé, obìnrin gba 12,250 sefa lóṣù, ọkùnrin 10,500, lórí fóònù.

Nígbà tó kan ìgbèríko, àwòrán sátẹ́láìtì àti bí èèyàn ṣe ń lo fóònù ni wọ́n fi wá àwọn tó tálákà jù lọ. Ibi tí iṣẹ́ àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀ nìyí: ta ni owó náà fò dá? Àgbẹ̀ tí kò ní fóònù ńkọ́? Láti mọ̀ ọ́n, àwọn olùwádìí fi ọ̀nà sátẹ́láìtì àti fóònù náà wé àwọn ọ̀nà mìíràn, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2022: àwọn tálákà tí ọ̀nà náà fò dá kéré sí ti kí wọ́n fi agbègbè nìkan yan èèyàn, àmọ́ ìwé ìforúkọsílẹ̀ gbogbo ìdílé ìbá ṣe é dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.