Aṣọ Òkìrìkà: Bí Olówó Kékeré Ṣe Lè Wọṣọ Tí Ó Bójú Mu

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń wá iṣẹ́, olùkọ́ tí ń dúró níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé, àti ìyá tí ń lọ sí ìpàdé àwọn òbí, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó fẹ́ wọ àkísà jáde. Ṣùgbọ́n láti oṣù Òkúdù ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀, ohun tí ń ti òkè òkun wá ti gbówó lórí, aṣọ tuntun sì wà lára wọn. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe kọjú sí aṣọ àlòkù.

Ẹni tí ó bá dúró ní Ìyànà Ìpájà, níbi tí ọ̀nà Ìpájà ti yà kúrò lára ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, kò ní í wá aṣọ yìí tì. Bí ó bá sì tẹ̀ síwájú díẹ̀ sí ìhà Abúlé Ẹ̀gbá, yóò dé ọjà Kàtángúwà, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri Èkó nítorí aṣọ àlòkù.

Orúkọ rẹ̀ pọ̀. Òkìrìkà jẹ́ ìlú kan létí omi ní Ìpínlẹ̀ Rivers, láti ibẹ̀ ni aṣọ náà sì ti gba orúkọ. Àwọn mìíràn ń pè é ní bọ́síkọ́nà, bí ẹni pé ẹni tí ń rà á ní láti yà sí kọ̀rọ̀ kí ojúlùmọ̀ má bàa rí i. Ní Gánà, obroni wawu ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé òyìnbó ti kú. Ní òtítọ́, òyìnbó tí ó ni aṣọ náà sábà máa ń wà láàyè. Ó fi aṣọ rẹ̀ ta ẹgbẹ́ aláàánú lọ́rẹ ni. Ẹgbẹ́ náà sì ta èyí tí ó pọ̀jù fún àwọn oníṣòwò, tí wọ́n ń ṣà á, tí wọ́n ń dì í ní béèlì, tí wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá sí Áfíríkà. Púpọ̀ nínú èyí tí ń dé Èkó ni ó ń gba Kútọnu kọjá.

Ohun tí òfin wí

Ó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé aṣọ àlòkù wà lára àwọn ọjà tí òfin Nàìjíríà kà léèwọ̀ láti kó wọlé. Ẹni tí ó bá fi gbogbo owó rẹ̀ ra béèlì ní ẹnubodè lè pàdánù rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo bí àwọn aṣọ́bodè bá gbẹ́sẹ̀ lé e. Ìdí òfin náà ni láti dáàbò bo àwọn tí ń hun aṣọ nílé. Ilé iṣẹ́ Kaduna Textiles, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, ti ìlẹ̀kùn ní 2002. Òkìrìkà nìkan kọ́ ni ó fa èyí. Àìtó iná mànàmáná àti aṣọ tuntun olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun náà pẹ̀lú rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí ó pọ́ọ́kú fún ẹni tí ń rà lè wọ́n fún ẹlòmíràn.

Yíyàn rẹ̀ ní ọjà

Kí ènìyàn tó lọ sí ọjà, kí ó kọ́kọ́ kó gbogbo aṣọ rẹ̀ síta, kí ó sì wo ohun tí ó kù. Ẹni tí ó ní ṣòkòtò mẹ́ta tí kò sì ní ẹ̀wù tí ó bá wọn mu, ẹ̀wù ni kí ó lọ rà. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú béèlì, àṣàyàn pọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Bí àwọn ènìyàn bá ti ṣà á tán, owó a wálẹ̀.

Kí olùrà yí aṣọ náà síta láti inú, kí ó wo abíyá, kọ́là àti ojú rírán. Kí ó fa síìpù lẹ́ẹ̀mejì, kí ó ka bọ́tìnnì, kí ó sì gbé aṣọ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí ó lè rí ihò. Bí kò bá sí ibi tí a ti lè wọ ṣòkòtò wò, kí ó ti bọ́tìnnì rẹ̀, kí ó sì fi ìbàdí rẹ̀ wé ọrùn; bí etí rẹ̀ méjèèjì bá pàdé lẹ́yìn ọrùn, ó sábà máa ń ba ìdí mu. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ àlòkù ni kí ẹnikẹ́ni má rà. Láti 1994 ni òfin ti kà á léèwọ̀ ní Gánà nítorí ìlera àwọn ará ìlú.

Fífọ̀ àti títún ṣe

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ òkìrìkà kí ó tó fọ̀ ọ́. Kòkòrò tí ń fa kúrúnà lè wà lára aṣọ, ṣùgbọ́n kò lè fara da omi gbígbóná. Kí a fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ aṣọ òwú, kí a sá a sí oòrùn, kí a sì lọ̀ ọ́ tinú tòde. Èyí tí omi gbígbóná lè bà jẹ́, kí a dì í sínú ọ̀rá fún ọ̀sẹ̀ kan kí a tó fi omi tútù fọ̀ ọ́. Kòkòrò náà kì í pẹ́ kú bí kò bá rí ara ènìyàn.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ kan aránṣọ. Aṣọ tí ó tóbi ṣeé dín. Ṣòkòtò tí ó gùn ṣeé ṣẹ́tí. Bí aṣọ òwú bá ti ṣá, a lè pa á láró gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá Abẹ́òkúta ti mọ̀ ọ́n ṣe láti ìgbà pípẹ́. Òwe wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú àkísà náà, ìró ìyá tí ó ti gbó ní etí ṣì lè di bùbá fún ọmọ.

Níkẹyìn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra mẹ́wàá nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Aṣọ mẹ́wàá tí kò bá ni mu, tí a kò wọ̀, wọ́n ju ọ̀kan tí ó péye lọ. Ẹni tí ó ra ohun tí ó nílò, tí ó fọ̀ ọ́, tí ó sì tún un ṣe, yóò jáde láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ láìjẹ gbèsè.