Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀-Iṣẹ́: Láti Ìsọ̀ Oníṣẹ́ ní Kòsọ́fẹ́ dé Gbọ̀ngàn Ìdánwò

1. Ìfáárà

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá parí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì ní Kétu, Ìkòsì tàbí Mile 12, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó, ti dé oríta. Ó lè tẹ̀ síwájú ní ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì àgbà. Ó lè lọ sí ọ̀kan nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ìjọba dá sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́, irú èyí tí ó wà ní Agídíngbì tàbí ní Ìkòròdú. Ó sì lè lọ bá ọ̀gá kan ní ìsọ̀ rẹ̀ láti kọ́ṣẹ́. Ìlànà 6-3-3-4, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ni ó la oríta yìí. Ní 1992 ni a dá àjọ NABTEB sílẹ̀ láti máa ṣe ìdánwò fún àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ní 2011, ètò-ẹ̀kọ́ tuntun mú iṣẹ́ 34 wọ ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ó kéré tán ọ̀kan. Àtúnṣe ọdún 2025 dín iye yìí kù sí mẹ́fà. Lára wọn ni iṣẹ́ iná oòrùn, aṣọ rírán, àti àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù.

Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìdánwò. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìsọ̀ tí ó wà ní àdúgbò wọ̀nyí, Yorùbá ni ọ̀gá fi ń pàṣẹ, òun ni ọmọ-iṣẹ́ sì fi ń dáhùn. Nípa báyìí, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ lè má mọ ohun tí ìbéèrè ń bèèrè, ẹni tí ó sì há ìdáhùn sórí lè má dá ohun tí ó há mọ̀ bí ó bá rí i lórí tábìlì. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bamgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, pèsè ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ kò sí lára ohun tí ìwé náà dá lé. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìsọ̀ oníṣẹ́ ni ó yẹ kí olùṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ yà sí, kí ó gba ọ̀rọ̀ tí ó dára níbẹ̀, kí ó sì ṣe àtúnṣe sí èyí tí ó lè pa ènìyàn lára.

2. Kàwé àti Kọ́ṣẹ́

Ìhun kan náà ni kàwé (kà + ìwé) àti kọ́ṣẹ́ (kọ́ + iṣẹ́) ní: ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó gba fáwẹ́lì rẹ̀ jẹ. Síbẹ̀ lẹ́nu àwọn òbí, ọ̀tá ni àwọn méjèèjì. Bí a bá ní ọmọ kan 'ń kọ́ṣẹ́', ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbọ́ ni pé kò kàwé mọ́. Èyí kò ti inú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà wá. Alágbẹ̀dẹ, aláró, ahunṣọ àti gbẹ́nàgbẹ́nà kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ láwùjọ Yorùbá. Ilé-ìwé tí ó ń pèsè akọ̀wé fún ìjọba amúnisìn ni ó sọ iṣẹ́-ọwọ́ di ohun tí ẹni tí kò yege ń ṣe.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a sọ lókè yìí ni ibi tí kíkàwé àti kíkọ́ṣẹ́ ti pàdé, ṣùgbọ́n kò ní orúkọ tí ó fi èyí hàn. Àwọn kan ń pè é ní 'ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́'; orúkọ yìí kò fi ìṣirò, yíyàwòrán ilé àti sáyẹ́ǹsì tí a ń kọ́ níbẹ̀ hàn. Àwọn mìíràn ń pè é ní 'ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ'. Èyí náà kò kún tó, nítorí aṣọ rírán àti oúnjẹ sísè kì í ṣe ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ. 'Ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀-iṣẹ́' ló sàn jù: ìmọ̀ dúró fún ìwé, iṣẹ́ sì dúró fún ọwọ́. Òbí tí a bá sọ fún pé ọmọ rẹ̀ ń lọ kọ́ ìmọ̀-iṣẹ́ kò ní rò pé a ti lé e kúrò ní ilé-ìwé.

3. Orúkọ Oníṣẹ́

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ènìyàn ń gbà sọ oníṣẹ́ lórúkọ. Èkíní ni àyálò: káfíńtà, bíríkìlà, télọ̀, mẹkáníìkì. Àyálò kan tí ó yẹ kí a kíyè sí ni rẹwáyà, ẹni tí ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ní èdè tí a ti yá a. Ìsọ̀ ni ó sọ ọ́ di orúkọ ènìyàn. Èkejì ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀: aránṣọ, ayàwòrán, oníṣẹ́ iná. Ẹ̀kẹta ni àpètúnpè odindi àpólà-ìṣe: gbẹ́ ọnà di gbẹ́nàgbẹ́nà, mọ ilé di mọlémọlé, kun ilé di kunlékunlé, jó irin sì di jórinjórin. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tí ó jókòó ṣẹ̀dá jórinjórin. Ìgboro ló bí i, ó sì bá òfin gírámà mu láìkù síbì kan.

Àmọ́ orúkọ ènìyàn nìkan kò tó ilé-ìwé. A tún nílò orúkọ iṣẹ́ náà. Àpètúnpè kọ́ńsónáǹtì ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ́lì 'i' ń pèsè èyí: aṣọ rírán, irin jíjó, ilé kíkùn. Níbi mọ ilé, ewu ohùn wà. Ilé mímọ, tí í ṣe kíkọ́ ilé, kò jìnnà sí ilé mímọ́, tí í ṣe ilé Ọlọ́run, bí òǹkọ̀wé kò bá fi àmì ohùn sí i. Nítorí náà, 'iṣẹ́ mọlémọlé' ló yẹ fún ìwé akẹ́kọ̀ọ́.

Ìsọ̀ a sì máa fi ọ̀rọ̀ kan bo ohun méjì mọ́lẹ̀. Nígbà tí jórinjórin bá ń ṣiṣẹ́, etí irin méjèèjì ni ó ń yọ́ tí wọ́n sì ń di ọ̀kan. Nígbà tí ẹni tí ń tún rédíò ṣe bá ń so wáyà, òjé nìkan ló ń yọ́. Wáyà kì í yọ́. Ìdánwò ń béèrè ìyàtọ̀ yìí. A lè fi irin jíjó sílẹ̀ fún èkíní, kí a sì pe èkejì ní ìfòjélẹ̀ (ì + fi + òjé + lẹ̀), gẹ́gẹ́ bí a ti ní ìfọwọ́sí. Bí ó bá jẹ́ idẹ ni a yọ́ láti fi so irin pọ̀, ìfidẹlẹ̀ ni.

4. Wáyà àti Àwọ̀ Rẹ̀

Níbi iṣẹ́ iná, àṣìlò ọ̀rọ̀ lè gba ẹ̀mí. Àwọ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ fi ń pe wáyà: 'fi pupa síbí, fi dúdú sọ́hùn-ún'. Nínú ìlànà àtijọ́ tí a jogún lọ́wọ́ Bìrìtìkó, wáyà pupa ló ń gbé iná wá, dúdú ló ń dá a padà, aláwọ̀ ewé sì ń lọ sínú ilẹ̀. Ìlànà tuntun, tí Bìrìtìkó fúnra rẹ̀ gbà ní 2004, lo àwọ̀ búráùn fún èyí tí ń gbé iná wá, búlúù fún èyí tí ń dá a padà, àti ewé pẹ̀lú yẹ́lò fún ti ilẹ̀. Àwọn méjèèjì ni a ń bá pàdé lóde òní: ti àtijọ́ nínú ògiri ilé, ti tuntun lára ẹ̀rọ tí a kó wọlé.

Funfun, dúdú àti pupa ni ìpìlẹ̀ orúkọ àwọ̀ ní Yorùbá. Búráùn lè wọ inú pupa, aṣọ tí aró mu dáadáa sì ni a ń pè ní dúdú. Níbi iná féèsì kan, èyí kò ṣe ìpalára púpọ̀, nítorí pupa àti búráùn ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Níbi iná féèsì mẹ́ta tí ń gbé ẹ̀rọ ńlá, ọ̀rọ̀ yí padà. Nínú ìlànà àtijọ́, dúdú ló ń dá iná padà, búlúù sì ń gbé e wá. Nínú ìlànà tuntun, dúdú ló ń gbé e wá, búlúù ló sì ń dá a padà. Ọmọ-iṣẹ́ tí a sọ fún pé 'dúdú kò léwu' ti gba ẹ̀kọ́ tí ó lè pa á.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí wáyà ń ṣe ni kí orúkọ rẹ̀ sọ, kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀: wáyà agbéná, wáyà adánápadà, wáyà ilẹ̀. Kí olùkọ́ sì fi kún un pé adánápadà kò túmọ̀ sí aláìléwu. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, iná ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ nípa àìsí iná. Yorùbá ojoojúmọ́ ti pín in sí mẹ́ta: iná lọ, a pa iná, a gé iná. Iná tí ó lọ lè dé nígbàkígbà. Iná tí a pa níbi súìṣì ṣì lè wà nínú wáyà. Gígé iná níbi orísun rẹ̀ nìkan ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́kàn lé kí ó tó fọwọ́ kàn án, lẹ́yìn tí ó bá ti fi irinṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgéná ni kí a máa pe ìgbésẹ̀ yìí.

5. Àkójọ Ìperí

Ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀-iṣẹ́: ibi tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ òòjọ́ pẹ̀lú ìmọ̀ ìwé tí ó rọ̀ mọ́ ọn.
Irin jíjó: yíyọ́ etí irin méjì kí wọ́n lè di ọ̀kan.
Ìfòjélẹ̀: fífi òjé yíyọ́ so wáyà tàbí irin láìyọ́ wọn.
Ìfidẹlẹ̀: fífi idẹ yíyọ́ so irin láìyọ́ irin náà.
Wáyà agbéná: èyí tí ń gbé iná wá sínú ẹ̀rọ.
Wáyà adánápadà: èyí tí ń dá iná padà síbi orísun rẹ̀.
Wáyà ilẹ̀: èyí tí ń gbé iná tí ó ṣì yà sára ẹ̀rọ lọ sínú ilẹ̀, áàtì ni ti ìsọ̀.
Ìgéná: yíya wáyà kúrò lára orísun iná kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

6. Ìparí

Ìlànà ọdún 2022 tí ó fún èdè abínibí láyè ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ fagi lé ní oṣù Kọkànlá 2025. Ní ti Ìpínlẹ̀ Èkó, òfin 2018 sọ kíkọ́ èdè Yorùbá di dandan ní ilé-ìwé. Àpilẹ̀kọ yìí kò sọ pé kí NABTEB fi Yorùbá ṣe ìdánwò. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí olùkọ́ Yorùbá àti olùkọ́ iṣẹ́ jọ jókòó, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìsọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n dán ìperí tuntun wò lẹ́nu àwọn ọ̀gá kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Ìperí tí ọ̀gá kò bá lè fi pàṣẹ fún ọmọ-iṣẹ́, inú ìwé nìkan ni yóò kú sí.