Agbára Ti Tó, Ìkáwọ́ Ló Kù: Ọjọ́ Ọ̀la Alùpùpù Mótókírọ́ọ̀sì

Nínú gbogbo eré ìje tí ọmọ aráyé ń fi ẹ̀rọ sá, ó ṣòro kí a tó rí èyí tí ó ń dán egungun àti ọkàn ènìyàn wò tó eré tí wọ́n ń pè ní mótókírọ́ọ̀sì. Ogójì eléré, olúkúlùkù lórí alùpùpù tirẹ̀, ni yóò tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́yìn ọ̀pá irin tí ó dá wọn dúró. Bí ọ̀pá náà bá ti ṣubú lulẹ̀ báyìí, gbogbo wọn yóò bẹ́ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò sì forí lé kọ́nà kan ṣoṣo tí kò lè gbà ju ènìyàn díẹ̀ lọ. Ojú ọ̀nà wọn kò mọ ọ̀dà: iyanrìn ni, ẹrẹ̀ ni, kòtò ni, òkìtì gàgàrà ni tí alùpùpù yóò gùn kí ó tó fò lọ sókè réré, kí ó sì tún balẹ̀ gbì. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àti ìyípo méjì lé e ni wọ́n fi ń ṣe èyí nínú ìdíje àgbáyé, wọn a sinmi díẹ̀, wọn a sì tún padà wá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan náà. Alùpùpù tí wọ́n ń gùn, ẹṣin irin tí kì í jẹ koríko, afò-bí-ẹyẹ, akó-ẹrẹ̀-sójú-ẹni-tí-ń-bọ̀-lẹ́yìn, kò ní iná iwájú, kò ní jígí, kò sì ní àyè èrò. Ohun gbogbo tí kò bá ti ran eré sísá lọ́wọ́ ni a ti yọ kúrò lára rẹ̀, títí ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú epo fi wà ní nǹkan bí 110 kílógíráàmù péré.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni eré yìí ti ṣẹ̀, nígbà tí àwọn agun-alùpùpù pàdé ní Camberley, lágbègbè Surrey, ní 1924, láti mọ ẹni tí yóò la igbó àti òkè já ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni ó gbilẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀m, ní Faransé àti ní Sweden, nígbà tí ó sì di 1957, FIM, ẹgbẹ́ tí ó ń ṣàkóso eré alùpùpù lágbàáyé, sọ ọ́ di ìdíje gbogbo ayé. Láti ìgbà náà wá, òwe àwọn baba wa tí ó ní ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì, ni ó ń ṣẹ mọ́ àwọn tí ń ṣe alùpùpù yìí lára.

Ẹ wo ọ̀ràn ṣọ́ọ̀kì. Láyé àtijọ́, méjì ni ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn alùpùpù, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn kò sì lè lọ sókè sódò ju nǹkan bí ínǹṣì mẹ́rin lọ. Onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Bẹ́ljíọ̀m kan, Lucien Tilkens, ni ó rò ó pé kí a lo ẹyọ kan ṣoṣo tí ó gùn, kí a sì tẹ́ ẹ sábẹ́ ìjókòó àti táńkì. Yamaha gba èrò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ní 1973 sì ni Håkan Andersson, ọmọ Sweden, gun alùpùpù oníṣọ́ọ̀kì kan náà dórí ipò kìn-ín-ní àgbáyé nínú ìdíje àwọn ẹlẹ́ńjìnnì 250 cc. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí ẹni tí kò ní irú rẹ̀ kò fi lè bá ẹgbẹ́ dọ́gba mọ́. Kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn alùpùpù òde òní ń rìn tó 300 mìlímítà sókè sódò, èyí tí ó tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan.

Bákan náà ni ọ̀ràn ẹńjìnnì rí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹńjìnnì tí a ń da ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo rẹ̀, irú èyí tí ó wà nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ó kún àdúgbò wa, ni ó ń jọba lórí pápá, nítorí pé ó fúyẹ́, ó sì yára. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1997, Doug Henry, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé Yamaha kan tí ẹńjìnnì rẹ̀ dà bí ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí ọ́ìlì rẹ̀ dá wà lọ́tọ̀, wọ inú pápá ìṣeré Las Vegas, ó sì borí gbogbo wọn. Ní ọdún kejì rẹ̀ ni Yamaha gbé YZ400F sọ́jà, gbogbo àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù sì gba ọ̀nà náà tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Ibi tí ìtàn yìí gbé wa dé ni ó yẹ kí a wò dáadáa. Alùpùpù 450 cc òde òní ní agbára tó ẹṣin 60, bẹ́ẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ kò wúwo tó ènìyàn méjì. Kò sí ẹlẹ́ran ara tí ó lè lo irú agbára bẹ́ẹ̀ tán nínú ẹrẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọn àgbà eléré pàápàá a máa tọrọ lọ́wọ́ mẹkáníìkì wọn pé kí ó bá wọn rọ ẹńjìnnì náà lójú díẹ̀. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Ó dá mi lójú pé ìkáwọ́ ni ọjọ́ iwájú ń gbé bọ̀ fún wa: ẹ̀rọ tí yóò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó lawọ́, tí yóò sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó háwọ́.

Láti ibi epo ni ìkáwọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí kabúrétọ̀ ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, bí ojú ọjọ́ bá yí padà, tàbí bí a bá gbé alùpùpù lọ sí orí òkè níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, mẹkáníìkì ní láti tú u, kí ó sì pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀. Suzuki RM-Z450 ti ọdún 2008 ni ó gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ kabúrétọ̀, tí ó sì gbé e fún kọ̀ǹpútà kékeré tí ń wọn epo tí yóò wọ ẹńjìnnì níwọ̀n-níwọ̀n. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Yamaha so YZ450F rẹ̀ mọ́ fóònù, tí ó fi jẹ́ pé eléré lè dúró lẹ́bàá pápá, kí ó fi ìka kan yí ìwà ẹńjìnnì rẹ̀ padà, kí ó sọ ọ́ di pẹ̀lẹ́ bí ilẹ̀ bá le tí ó sì ń yọ̀, tàbí kí ó mú un gbóná bí iyanrìn bá jìn.

Kíkó kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn níjàánu ni ó kàn, iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n sì ni. Lórí ọ̀dà, kò nira: kọ̀ǹpútà yóò fi eré kẹ̀kẹ́ iwájú wé ti ẹ̀yìn, bí ti ẹ̀yìn bá sì ju ti iwájú lọ, a jẹ́ pé ó ń yọ̀, kí a dín agbára kù. Nínú mótókírọ́ọ̀sì, kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn kò lè ṣe kí ó má yọ̀ díẹ̀, nítorí ilẹ̀ tí ó ń wà sẹ́yìn ni ó fi ń lọ síwájú. Kẹ̀kẹ́ iwájú pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sí nílẹ̀ rárá. Nítorí náà ẹ̀rọ náà ní láti mọ ìyàtọ̀ láàárín ìyọ̀ tí ó ṣàǹfààní àti èyí tí ń fi agbára ṣòfò, kí ó sì mọ kẹ̀kẹ́ tí ń yí lófo lójú òfuurufú yàtọ̀ sí èyí tí ó ti rì sínú ẹrẹ̀. Ducati ti ilẹ̀ Ítálì ti gbé irú ìjánu bẹ́ẹ̀ sínú Desmo450 MX, alùpùpù tí Alessandro Lupino kọ́kọ́ fi díje ní Ítálì ní 2024, tí Antonio Cairoli, ẹni tí ó ti jẹ olórí àgbáyé nígbà mẹ́sàn-án, sì bá wọn dán wò. Bí alùpùpù náà bá fò, ìjánu yóò mọ̀ pé ilẹ̀ kò sí lábẹ́ òun, yóò sì tú ọwọ́ sílẹ̀, kí eléré lè fún un lepo láti gbé imú rẹ̀ sókè, tàbí kí ó tẹ bíréèkì ẹ̀yìn láti rẹ imú náà sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ògbójú ti ń ṣe.

Ṣọ́ọ̀kì pẹ̀lú yóò kọ́ ọgbọ́n. Lónìí, a ní láti yan ìwọ̀n kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀: bí a bá mú un le nítorí ìbalẹ̀ ńlá, yóò máa gbo apá eléré lórí kòtò kéékèèké, bí a bá mú un rọ̀ nítorí kòtò, yóò kan ìsàlẹ̀ gbà nígbà tí a bá balẹ̀. Lórí alùpùpù ọ̀nà ọ̀dà, BMW ti gbé ṣọ́ọ̀kì tí ń tún ara rẹ̀ ṣe bí a ti ń lọ sórí HP4 ní 2012. Bí èyí bá dé pápá ẹrẹ̀ tán, alùpùpù tí ó bá wà lókè yóò ti mọ̀ pé òun ń bọ̀ nílẹ̀, yóò sì ti le ara rẹ̀ dè é. Ohun tí ó ń dá a dúró ni ìwúwo, owó, àti ẹrẹ̀ tí kì í bọ̀wọ̀ fún wáyà.

Èyí tí ó tóbi jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni alùpùpù oníná, tí kì í mu epo. Alta Motors ti California fi tirẹ̀ han ayé pé ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n owó tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní oṣù kẹwàá 2018. Ní oṣù Kejìlá 2021, Stark Future ti ìlú Barcelona gbé Varg jáde, tí wọ́n kéde pé agbára rẹ̀ tó ẹṣin 80. Kò ní gíà, kò ní kílọ́ọ̀ṣì, fóònù kan ni ó jókòó láàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, tí eléré fi lè sọ pé òun fẹ́ kí ó hùwà bí alùpùpù ọmọdé tàbí kí ó hùwà bí ògbólógbòó. Honda pẹ̀lú gbé CR Electric Proto rẹ̀ fún Trey Canard láti fi bá àwọn elépo díje ní Japan ní oṣù kẹwàá 2023, ní ọdún náà kan náà tí FIM bẹ̀rẹ̀ ìdíje E-Xplorer fún àwọn oníná nìkan. Mọ́tọ̀ iná tí ń yí kẹ̀kẹ́ irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ dára fún ìkáwọ́ ju ẹńjìnnì lọ, nítorí pé agbára rẹ̀ ń dé lójú ẹsẹ̀, kọ̀ǹpútà sì lè dín in kù tàbí kí ó fi kún un kí ojú tó ṣẹ́.

Níbo wá ni ìṣòro wà? Nínú bátìrì ni. Varg àkọ́kọ́ gbé yúníìtì iná 6, irú yúníìtì tí a ń rà sínú mítà ilé wa. Èyí tí ó jáde ní 2025 gbé 7.2. Epo lítà 7 nínú táńkì alùpùpù 450 ní agbára tó nǹkan bí yúníìtì 60 nínú. Lóòótọ́, bí ìdá mẹ́rin kan péré tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ẹńjìnnì ń sọ di ìrìn, tí ìyókù ń di ooru, nígbà tí mọ́tọ̀ iná ń lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú tirẹ̀. Síbẹ̀, elépo ṣì gba iwájú ju ìlọ́po méjì lọ. Lórí iyanrìn jíjìn bíi ti Lommel ní Bẹ́ljíọ̀m, níbi tí kẹ̀kẹ́ ti ń wa ilẹ̀ láìdáwọ́ dúró, kíá ni bátìrì ń gbẹ. Bí a bá sọ ọ́ di ńlá, alùpùpù yóò wúwo. Bí a bá sọ ọ́ di kékeré, kò ní parí eré. Àwọn onímọ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí bátìrì tí kò ní omi nínú, tí yóò lè gba iná púpọ̀ sínú àyè kékeré, ọjọ́ tí ó bá sì dé ọjà ni ọ̀rọ̀ yóò yí padà pátápátá.

Àǹfààní mìíràn wà tí ó ju eré sísá lọ, ìyẹn ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ariwo ni ó ti lé ọ̀pọ̀ pápá mótókírọ́ọ̀sì kúrò nítòsí ìlú ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, nítorí pé àwọn aládùúgbò kò lè sùn; oníná kò ní irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà kan ò wọ ọjà, epo pàápàá ń yí ìwà padà: nínú MotoGP, eré alùpùpù ojú ọ̀dà, FIM ti pa á láṣẹ pé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún epo wọn láti 2024 kò gbọdọ̀ ti inú ilẹ̀ wá, kí ó sì di gbogbo rẹ̀ ní 2027. Bí ẹńjìnnì bá mu irú epo bẹ́ẹ̀, àti elépo àti oníná ni yóò jọ máa wà lórí pápá fún ìgbà pípẹ́. Iṣẹ́ àwọn olófin ni láti wá ìwọ̀n tí ó tọ́, nítorí pé títóbi ẹńjìnnì ni a fi ń pín àwọn elépo sí ẹgbẹ́ 250 àti 450, oníná kò sì ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó lè fi ìka kan yí agbára rẹ̀ padà, báwo ni a ó ṣe mọ ẹgbẹ́ rẹ̀?

Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò jìnnà sí ọ̀ràn alùpùpù oníná yìí. Ní Benin àti Togo, ilé-iṣẹ́ Spiro ti gbé alùpùpù oníná fún àwọn tí ń fi alùpùpù gbé èrò; bí bátìrì wọn bá gbẹ, wọn kì í dúró de iná, ńṣe ni wọ́n ń yọ ọ́ sílẹ̀ ní ibùdó, tí wọ́n ń gbé èyí tí ó kún lọ.

Ọ̀rọ̀ ààbò ni mo fi sí ìkẹyìn nítorí pé òun ni olórí gbogbo rẹ̀. Dókítà Chris Leatt ti South Africa ni ó ṣe àmúró ọrùn tí ó ń dáàbò bo ọ̀pọ̀ eléré. Láti 2021, Dakar, ìdíje inú aṣálẹ̀, ti pa á láṣẹ pé kí gbogbo agun-alùpùpù wọ ẹ̀wù tí ń fẹ́ra lójijì bí a bá ṣubú. Ọgbọ́n tí ẹ̀wù náà nílò nínú mótókírọ́ọ̀sì ni láti mọ ìbalẹ̀ líle yàtọ̀ sí ìṣubú, nítorí pé àwọn eléré wọ̀nyí ń fò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fún àwọn ọmọdé, ilé-iṣẹ́ KTM gbé SX-E 5 oníná jáde ní 2019, tí òbí lè dín agbára rẹ̀ kù títí ọmọ yóò fi mọ̀ ọ́n gùn, tí a sì lè gbé ìjókòó rẹ̀ sókè bí ọmọ bá ti ń dàgbà.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iye ẹṣin fà yín lọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra alùpùpù fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bèèrè bí ó ṣe ń dúró, kí ó tó bèèrè bí ó ṣe ń sáré. Kí ó sì ra àṣíborí tí ó dára kí ó tó ra alùpùpù.