Ìdánrawò Kì í Ṣe Ìdánwò: Ètò àti Ọ̀rọ̀ fún Kíkọ́ Ìbọn Ìléwọ́

Nínú ìtàn ìtẹ̀dó Ògbómọ̀ṣọ́, ọfà ni Ògúnlọlá fi pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí ó ń yọ Ọ̀yọ́-Ilé lẹ́nu. Orí ọ̀tá náà tí ó gbé lọ fún Aláàfin ni ìtàn ní ó di orúkọ ìlú. Ọdẹ ni Ògúnlọlá. Ọdẹ náà ni àwọn tí ìtàn dárúkọ mọ́ ọn. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ọ̀rọ̀ ohun-ìjà pọ̀ lẹ́nu ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti ará Ọ̀yọ́: ọrun, ọsán, apó, akatanpó, nígbà tí ìbọn sì dé, ẹ̀tù, ọta, ṣakabùlà. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ọ̀rọ̀ tí a lè fi kọ́ ènìyàn ní yíyin ìbọn ìléwọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí pé akẹ́kọ̀ọ́ ṣì wá gbọ́.

Òfin ìbọn ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta ní Nàìjíríà. Ìbọn ìléwọ́ wà lára èyí tí ó jẹ́ èèwọ̀ fún ará ìlú. Ìbọn ìléwọ́ tí ń lo afẹ́fẹ́ wà ní ìpín kejì, ṣakabùlà ní ìpín kẹta. Àwọn méjèèjì ni ó gba ìwé àṣẹ. Ọlọ́pàá, ọmọ-ogun àti eléré ìdárayá ni ẹ̀kọ́ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ọdẹ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa rẹ̀.

Ṣakabùlà fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣètò fún ọdẹ. Láti ẹnu ni a ti ń kì í: ẹ̀tù yóò wọlé, ọta yóò tẹ̀ lé e, a ó fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò dún. Kí ọdẹ tó tún un kì, apá ti sinmi, èémí ti rọlẹ̀, ọkàn sì ti ro ọ̀nà tí ọta gbà lọ. Ìbọn ìléwọ́ kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ nínú. Ọta mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè wà nínú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè tú gbogbo wọn dànù láàárín èémí mélòó kan. Ìsinmi tí kíkì ń fi ipá fún ọdẹ, ètò ni yóò máa fún ẹni tí ń kọ́ ìbọn ìléwọ́.

Kí ni ètò náà yóò kọ́ni? Èkíní ni ìfojúsùn. Irin kékeré tí ó yọ lókè ẹnu ìbọn ni a lè pè ní atọ́nà iwájú, kí èyí tí ó ní àlàfo, tí ó súnmọ́ ọwọ́, jẹ́ atọ́nà ẹ̀yìn. Nínú ìdíje Òlíńpíìkì ti ìbọn ìléwọ́ afẹ́fẹ́, mítà 10 ni pátákó fi jìnnà, àárín gbùngbùn rẹ̀ kò sì fẹ̀ ju mìlímítà 11.5 lọ. Bí atọ́nà méjèèjì bá fi mìlímítà 330 jìnnà síra, tí atọ́nà iwájú sì yẹ̀ ní mìlímítà kan péré, ọta yóò ṣìnà ní nǹkan bí mìlímítà 30 lójú pátákó. Ìdí nìyí tí a fi ń ní kí ojú akẹ́kọ̀ọ́ wà lára atọ́nà iwájú, kí pátákó tilẹ̀ ṣe bàìbàì.

Èkejì ni irin tí ìka ń fà. Okùnfà ìbá bá a mu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti di ti ohun tí ó mú nǹkan ṣẹlẹ̀. Kí a pè é ní ìfà. Ẹni tí ó bá ti ń retí ariwo ìbọn yóò ta gìrì kí ó tó dún, ẹnu ìbọn yóò sì tẹ̀ sísàlẹ̀. Èyí ni ìtagìrì, ó sì ṣòro fún ẹni tí ó ń ṣe é láti mọ̀, nítorí ìbọn a dún bò ó mọ́lẹ̀. Olùkọ́ a máa tọ́jú òkú ọta, èyí tí kò ní ẹ̀tù, sáàárín ọta gidi láìsọ fún akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ó bá kan òkú ọta, ìbọn kò ní dún, gbogbo ènìyàn yóò sì rí ọwọ́ tí ó ta gìrì.

Oògùn ìtagìrì ni ìyìn-òfìfo, èyíinì ni fífa ìfà nígbà tí kò sí ọta nínú ìbọn. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ tí kò gún ti lè pa ènìyàn. Inú ìbọn ìléwọ́ ní ibi méjì tí ọta ń gbé: àká ọta tí a ń yọ kúrò nínú èèkù, àti ìyẹ̀wù ọta tí ó wà ní ìdí ọ̀nà ọta. Ẹni tí ó yọ àká lè sọ pé òun ti yọ ọta, kì yóò sì purọ́. Síbẹ̀ ọta kan lè ṣẹ́kù sí ìyẹ̀wù. “Mo ti yọ ọ́” kò tó. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a fi kọ́ni ni òfìfo-àrídájú: a yọ àká, a ṣí ìyẹ̀wù, ojú rí i, ìka kàn án, ẹlòmíràn tún wò ó. Ọta gidi kò sì gbọdọ̀ wà nínú yàrá tí a ti ń ṣe ìyìn-òfìfo.

Nípa ìgbà, Hermann Ebbinghaus ará Jámánì ti fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1885 pé ohun tí a pín kíkọ́ rẹ̀ sí ọjọ́ púpọ̀ ń gba àtúnkọ́ tí ó kéré sí ti èyí tí a kó pọ̀ sí ọjọ́ kan. Ohun tí ó fi ṣe àyẹ̀wò ni ìrántí àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ń jàǹfààní nínú ìpínkiri. Kíkà ọjà ọrọọrún tí àwọn baba wa ń ṣe bá a mu ju ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje lọ: ìyìn-gidi ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ìsinmi ní ọjọ́ kejì, ìyìn-òfìfo ìṣẹ́jú 15 ní ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin, bí ọrún bá pé, ìyìn-gidi padà dé. Ọta 30 tó fún ọjọ́ ìyìn-gidi, ní ọ̀wọ́ mẹ́fà, márùn-ún márùn-ún. Lẹ́yìn ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí a gbé ìbọn kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Bí apá bá ti ń gbọ̀n, ọjọ́ náà ti parí, iye yòówù kí ó kù.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a máa ka àmì-ayò lójoojúmọ́. Ìdánrawò ń tún ohun kan ṣoṣo ṣe, ìdánwò sì ń wọn gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ó sọ ìkíní di èkejì yóò máa sá fún ohun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe kí àmì rẹ̀ má baà wálẹ̀. Kí ìdánwò dúró di ẹ̀yìn ọrún mẹ́fà, kí ó sì dà bí ìdíje gan-an: ọta 60 láàárín ìṣẹ́jú 75 fún oníbọn afẹ́fẹ́. Ní àwọn ọjọ́ tí ó kù, ohun mẹ́ta ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ sínú ìwé rẹ̀: ohun tí ó ń tún ṣe lọ́jọ́ náà, apá ibi tí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan kó sí lójú pátákó, àti orúkọ ẹni tí ó bá a rí òfìfo-àrídájú.