Ọdún Ilé-Ìwé Kì í Dúró De Ọmọ

Ẹ̀yin ará wa nínú ìsìn, ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń kírun ní àwọn mọ́ṣáláṣí Ìsàlẹ̀ Èkó, àti ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń tajà ní Ìdúmọ̀tà, ní Balógun, ní Òkè-Àrín àti ní Ẹbúté-Èrò. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ tàbí ti sàká. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni, àwọn tí Ọlọ́run fi sí wa lọ́wọ́, tí yóò sì bi wá léèrè bí a ti tọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé-kéwú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti jókòó lórí ẹní níwájú alfa rí, tí wàláà wà lórí itan wa. Bí ọmọ kò bá tíì mọ ohun tí a kọ sí wàláà rẹ̀, alfa kò ní jẹ́ kí ó fọ̀ ọ́ kí a tó kọ òmíràn. Ìbáà gba ọjọ́ mẹ́ta, ìbáà gba ọ̀sẹ̀ méjì, ibẹ̀ ni ọmọ náà yóò wà títí yóò fi kà á já sí etí alfa. Ẹgbẹ́ rẹ̀ lè ti dé Yásìn nígbà tí òun ṣì wà nínú àwọn súrà kéékèèké, kò sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ilé-kéwú a máa dúró de ọmọ.

Ilé-ìwé kì í dúró. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò tíì mọ̀ nìyẹn, òun ni ó sì ń fa ìbànújẹ́ tí a ń rí káàkiri, pé ọmọ lo ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ kò lè ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ìyá rẹ̀. Kíláàsì ń bá kàlẹ́ńdà rìn ni. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti wà ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ tíṣà. Bí ọ̀sẹ̀ náà bá ti parí, tíṣà yóò ṣí ojú ewé tí ó kàn. Ọmọ tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ bí a ti ń yọ nọ́ńbà kúrò lára nọ́ńbà, nígbà tí yóò fi padà dé, wọn yóò ti máa kọ́ ìsọdipúpọ̀. Kò sí ẹni tí yóò tún ti àná kọ́ fún un, àfi bí ilé bá ṣe é.

Kì í ṣe pé ilé-ìwé kàn wọ́ wá bá wa nílé. Ní ayé àwọn bàbá wa àgbà, ọwọ́ ìjọ àwọn Kírísítẹ́nì ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé Èkó wà, àwọn Mùsùlùmí sì ń bẹ̀rù pé ọmọ tí ó bá wọ ibẹ̀ yóò jáde pẹ̀lú orúkọ mìíràn àti ìsìn mìíràn. Ní ọdún 1894, nígbà tí a ṣí Mọ́ṣáláṣí Ṣítta-Bey, Abdullah Quilliam wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ońṣẹ́ Sultan ilẹ̀ Tọ́kì, ó sì gba àwọn Mùsùlùmí Èkó níyànjú pé kí wọn má ṣe sá fún ẹ̀kọ́ ìgbà tuntun. Ní ọdún 1896, Edward Blyden, ọkùnrin dúdú onímọ̀ tí ó gbọ́ èdè Lárúbáwá, bá ìjọba àti àwọn àgbà wa sọ ọ́, a sì ṣí ilé-ìwé ìjọba fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó. Lẹ́yìn èyí ni ti Ẹ̀pẹ́ àti ti Àgbádárìgì tẹ̀lé e. Ní ọdún 1922 ìjọ Ahmadiyya ṣí ilé-ìwé tiwọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1923 a dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé-ìwé, láti Alákòró dé ọ̀pọ̀ ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá. Owó ẹgbẹ́ àti owó ìdáwó àwọn ìyálọ́jà àti àwọn oníṣòwò bíi tiyín ni a fi kọ́ púpọ̀ nínú wọn.

Ní ọdún 1955 ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ti Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1957. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 2004 sì wá sọ ọ́ di dandan fún gbogbo Nàìjíríà: ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ yóò fi kàwé, mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta lókè rẹ̀, láìsan owó ìkọ́ni ní ilé-ìwé ìjọba. Òfin náà kò fi òbí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti rán ọmọ rẹ̀ lọ, ìbáwí ni ní ìgbà àkọ́kọ́. Ní ìgbà kejì, ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì pọ̀. Ohun tí àwọn àgbà wa fi ìbẹ̀rù àti owó wá, a ti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí a sọ ọ́ nù nítorí pé a kò mọ bí ọdún rẹ̀ ti ń lọ.

Ẹ gbọ́ bí ó ti ń lọ. Ọdún ilé-ìwé pín sí sáà mẹ́ta. Ìkíní bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, ó sì parí ní oṣù Kejìlá. Ìkejì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní, ó sì parí ní nǹkan bí oṣù Kẹrin. Ìkẹta ni ó gbé ọdún dé ìparí ní oṣù Keje. Ní sáà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ìdánwò ìparí nìkan ni a ń kà fún ọmọ. Àwọn ìdánwò kéékèèké àárín sáà àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ìwé rẹ̀ ni a ń kó pọ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, ọmọ tí a fi sílé ní àárín sáà, tí a wá sáré gbé lọ lọ́jọ́ ìdánwò, ti pàdánù máàkì kí ó tó mú bírò.

Ìgbà mẹ́ta ni ewu wà jù fún ọmọ oníṣòwò. Èkíní ni ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń sọ pé, "Wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ nǹkan gidi." Irọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ náà ni tíṣà ń mọ orúkọ ọmọ, tí ó ń mọ ibi tí ó kù sí, tí ó sì ń gbé ìpìlẹ̀ kalẹ̀.

Èkejì ni oṣù Kọkànlá àti Kejìlá. Ìgbà náà ni ọjà Èkó gbóná jù, tí àwọn oníbàárà ń wá láti ìlú gbogbo, tí ìyá sì ń wá ẹni tí yóò bá a ṣọ́ ìsọ̀. Ìgbà náà gan-an ni ìdánwò sáà kìíní. Ẹ̀yin ìyá wa, èrè tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bá yín jẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó ti ná an tán kí ọdún tuntun tó dé. Àbùkù tí ó wọ inú ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò bá a dé kíláàsì tí ó kàn.

Ẹ̀kẹta ni ìgbà ààwẹ̀ àti ọdún tiwa. Oṣù Lárúbáwá máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣíwájú lọ́dọọdún, nítorí náà kì í bọ́ sí ibì kan náà nínú sáà. Ní ọdún 2024 a bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, Iléyá sì bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà. Ní 2025 ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, Iléyá sì bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà. Sáà kejì ni ààwẹ̀ méjèèjì bọ́ sí, Iléyá sì wà nínú sáà kẹta, nígbà tí ìdánwò ìparí ọdún kò jìnnà mọ́. Kí ọmọ bá wa ṣọdún, ó dára. Kí ó jẹ ẹran, ó dára. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá fún wa ní ọjọ́ méjì, ẹ má ṣe sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ méjì ní ilé ìyá àgbà.

Kí ni kí òbí ṣe? Ẹ lọ mọ tíṣà ọmọ yín lójú ní oṣù Kẹsàn-án, kí ẹ má dúró di ọjọ́ tí ọmọ bá jà. Ẹ máa lọ sí ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́. Bí bàbá kò bá ráyè, kí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n lọ. Bí ìwé èsì bá dé ní ìparí sáà, ẹ má ṣe wo ipò nìkan. Ọmọ lè ṣe ipò karùn-ún nínú kíláàsì tí ọ̀pọ̀ kò ti lè kàwé. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé e pé wọ́n gbé e kọjá sí kíláàsì tuntun, nítorí pé ọmọ lè kọjá kí ìwé má kọjá pẹ̀lú rẹ̀.

Èyí tí ó ga jù ni pé kí ẹ ṣe bí alfa ti ń ṣe. Ní alẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ẹ pe ọmọ, kí ó mú ìwé rẹ̀ wá, kí ó kà á sí yín létí. Ìyá kan lè sọ pé, "Èmi kò gbọ́ Òyìnbó, kí ni mo fẹ́ gbọ́?" Ìyá wa, ẹ ní kí ó ka ìwé Yorùbá fún yín. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2018 ní kí gbogbo ilé-ìwé máa kọ́ èdè Yorùbá. Bí ó bá ń já ọ̀rọ̀, bí ó bá ń méfò, ẹ ó mọ̀. Ẹ ní kí ó bá yín ṣírò ṣéńjì oníbàárà tí ó ra ọ̀pá mẹ́ta aṣọ. Bí ó bá ṣì í, kò sí ìwé èsì tí yóò tàn yín jẹ.

Ẹ má sì ro pé ẹ̀kọ́ tí a fi Yorùbá ṣe kéré. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ọmọ Èkó, Mùsùlùmí bíi tiwa, tí ó di Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní ọdún 1990, ni ó ṣíwájú ìdánwò ńlá tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú ẹ̀kọ́ mìíràn. Èdè ìyá tí ẹ ní lẹ́nu, ohun èlò ẹ̀kọ́ ni.

Ẹ̀yin ará, àṣẹ àkọ́kọ́ tí ó sọ̀kalẹ̀ fún Òjíṣẹ́ Ọlọ́run, kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá a, àṣẹ kíkà ni. Ìtàn sì sọ fún wa pé lẹ́yìn ogun Bádírì, àwọn kan nínú àwọn tí a mú lẹ́rú kò ní owó ìràpadà. A ní kí wọn kọ́ àwọn ọmọ Mẹ̀dínà ní ìwé, kí wọn sì máa lọ. Bí kíkà bá níye lórí tó bẹ́ẹ̀ lójú Òjíṣẹ́, kí ni a ó wí bí a bá ta ọ̀sẹ̀ méjì nínú ẹ̀kọ́ ọmọ wa nítorí èrè ìsọ̀ kan?

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní alẹ́ òní, kí a tó ka owó ọjà, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìwé ọmọ. Kí Ọlọ́run Ọba bá wa tọ́ wọn, kí ó sì fi ìmọ̀ wọn ṣe wá lóore. Àmín.