Nọ́mbà Gígùn Tó Ń Ṣọ́ Owó Yín Lórí Fóònù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi fóònù fowó ránṣẹ́, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò kékeré kan. 89 lọ́nà 97, èló ni? Fóònù yín á sọ ọ́ kíá: 8,633. Ó tán.

Ẹ wá yí i padà. Ká ní 8,633 nìkan ni mo fún yín, tí mo ní kí ẹ wá nọ́mbà méjì tó bí i. Ẹ ó gbìyànjú 3, kò ní pín dọ́gba. 7 ńkọ́? Rárá. 11, 13, 17, bákan náà. Ó di ìgbà tẹ́ ẹ bá dé 89. Àlọ rọrùn, àbọ̀ ló le.

Ìdí ni pé yàtọ̀ sí 1 àti ara wọn, kò sí nọ́mbà tó lè pín 89 tàbí 97 dọ́gba. Prime làwọn olùkọ́ ìṣirò ń pe irú wọn.

Orí àbọ̀ tó le yìí ni Rivest, Shamir àti Adleman ti MIT ní Amẹ́ríkà gbé RSA kà lọ́dún 1977. RSA wà lára àwọn ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà ti ọ̀rọ̀ àṣírí pa. Lọ́dún yẹn kan náà, ìwé ìròyìn Scientific American gbé nọ́mbà wọn kan jáde. Díjíìtì 129 ló ní: ó bẹ̀rẹ̀ láti 1143816257, ó parí sí 543541. Ẹni tó bá fi ka ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n tì pa á gba 100 dọ́là. Rivest ṣírò ó pé iṣẹ́ náà á ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún bílíọ̀nù ọdún lọ.

Ọdún 17 péré ni. Ní Oṣù Kẹrin 1994, nǹkan bí 600 èèyàn tó fi kọ̀ǹpútà bí 1,600 ṣiṣẹ́ pọ̀ rí nọ́mbà méjèèjì. Ọ̀kan ní díjíìtì 64, èkejì ní 65. Kọ̀ǹpútà ti yára sí i, ọgbọ́n ìṣirò tuntun sì ti dé.

Ohun tó gbà mí láfiyèsí nìyí: kò sẹ́ni tó tíì fi ẹ̀rí hàn pé àbọ̀ yìí á le títí láé. Gígùn nọ́mbà ló ń gbà wá, wọ́n sì ní láti máa fi kún un. Lọ́dún 2020, wọ́n pín èyí tó ní díjíìtì 250. Èyí tó wọ́pọ̀ báyìí ní 617, ẹnikẹ́ni ò sì tíì rí RSA-2048, nọ́mbà ìdíje tó gùn tó bẹ́ẹ̀, pín.

Torí náà, tí fóònù bá ní kẹ́ ẹ ṣe update, ẹ ṣe é. Ó lè jẹ́ àgádágodo tó ti gbó ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀.

Àmọ́ bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Olè tó ń wá owó yín ò ní jókòó ti díjíìtì 617. Á kàn pè yín ni, á ní báǹkì lòun ti ń pè, kẹ́ ẹ jọ̀ọ́ ka OTP yín fóun. Ìyẹn ò sábà ju díjíìtì mẹ́fà lọ.