BÍÌTÌ, BÁÌTÌ, ÀTI ÌYÁRA ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ TÍ WỌ́N Ń POLÓWÓ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù,

Owó íntánẹ́ẹ̀tì ti di ọ̀kan nínú àwọn ìnáwó tí ìgbìmọ̀ ń gbé wá síwájú ìpàdé, gẹ́gẹ́ bí owó ilé àti owó iná. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń san owó oṣooṣù, inú kọ̀ǹpútà ni akápò ń kọ ọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ mìíràn sì ti ń ṣe ìpàdé pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ó wà ní ìdálẹ̀. Bí a bá ń ra gàárì, gbogbo wa ni a mọ kóńgò, a sì mọ ìgbà tí ẹni tí ń wọ̀n ọ́n bá ti àtàǹpàkò bọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ra íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n fún wa. Òṣùwọ̀n méjì ni ó wà. Orúkọ wọn jọra, lẹ́tà kan náà ni wọ́n fi ń kọ wọ́n ní ìkékúrú, ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ èkejì.

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ẹgbẹ́ kan san owó íntánẹ́ẹ̀tì tí ìpolówó rẹ̀ sọ pé ó jẹ́ 100. Akọ̀wé wá fẹ́ gba fáìlì ńlá kan wọlé, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó rí i pé 12 ni ẹ̀rọ ń sọ. Ó pariwo pé wọ́n ti rẹ́ ẹgbẹ́ jẹ. Wọn kò rẹ́ ẹ jẹ, ojú rẹ̀ kò sì ṣì í. Bíìtì ni wọ́n fi tà á fún un, báìtì ni kọ̀ǹpútà fi kà á.

Kí ni bíìtì? Òun ni èyí tí ó kéré jù lọ nínú ohun tí ẹ̀rọ lè mọ̀: iná wà tàbí iná kò sí, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, 1 tàbí 0. Claude Shannon, ará Amẹ́ríkà, ni ó lo orúkọ yìí nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jáde ní 1948, ó sì sọ nínú rẹ̀ pé John Tukey ni ó dá orúkọ náà lábàá. Báìtì ní tirẹ̀ jẹ́ àkójọ bíìtì mẹ́jọ. Werner Buchholz, tí ó ń bá ilé-iṣẹ́ IBM ṣiṣẹ́, ni ó sọ ọ́ lórúkọ ní 1956. Nígbà náà, iye bíìtì tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ kò tíì dúró sójú kan. Kọ̀ǹpútà System/360 tí IBM gbé jáde ní 1964 ni ó sọ mẹ́jọ di àṣà.

Ẹni tí ó bá ti rí babaláwo tí ó da ọ̀pẹ̀lẹ̀ rí kò ní pẹ́ lóye ọ̀rọ̀ yìí. Èso mẹ́jọ ni ó wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Bí ó bá balẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan èso yóò ṣí sílẹ̀ tàbí kí ó dojú dé. Kò sí ọ̀nà kẹta. Èso kan ṣoṣo dà bí bíìtì kan, odindi ọ̀pẹ̀lẹ̀ dà bí báìtì kan. Bí ẹ bá ka gbogbo ọ̀nà tí èso mẹ́jọ náà lè gbà balẹ̀, 256 ni yóò jẹ́, iye odù Ifá gan-an. Òun náà ni iye ohun tí báìtì kan lè dúró fún. Kì í ṣe pé mo ń pe onígbàgbọ́ tàbí Mùsùlùmí àárín wa sí ìdí Ifá o. Ìṣirò ni mo ń sọ, ìṣirò náà sì ti wà lọ́wọ́ àwọn baba wa kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí ń jẹ́ kọ̀ǹpútà.

Nínú ọ̀nà ìkọ̀wé tí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò jù lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní UTF-8, lẹ́tà bí a tàbí b ń gba báìtì kan. Àwọn lẹ́tà tiwa tí ó ní àmì lábẹ́, ẹ, ọ àti ṣ, báìtì mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń gbà, bí a bá sì tún fi àmì ohùn lé ẹ tàbí ọ lórí, yóò gba méjì sí i. Ọ̀rọ̀ kékeré bí “ẹgbẹ́” di báìtì 10. Ẹ̀yin akọ̀wé tí ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ pe ìpàdé, owó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àyè tí ó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan kò ju bíìtì 1,120 lọ. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ń gba bíìtì 7, nítorí náà 160 ni yóò gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ẹyọ ẹ tàbí ọ kan ṣoṣo sí i, gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba bíìtì 16, àyè yóò sì di ti lẹ́tà 70 péré. Ìpè ìpàdé tí ó ní lẹ́tà 150 yóò wá di àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́ta. Ẹgbẹ́ tí ó ní ọmọ ẹgbẹ́ 300 yóò san owó 900 dípò 300. Èmi kò ní tìtorí èyí sọ pé kí á máa kọ Yorùbá láìfi àmì sí i. Kí akọ̀wé gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú ni, ọ̀pọ̀ ìpè ìpàdé ni ó gùn jù tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí ọjà tí wọ́n ń tà fún wa. Ohun tí ó ń gba orí wáyà kọjá, bíìtì ni wọ́n fi ń kà á. Ohun tí a kó pamọ́ sínú ẹ̀rọ, báìtì ni wọ́n fi ń kà á. Nítorí náà, ìyára jẹ́ ti bíìtì, dátà jẹ́ ti báìtì. Nínú ìkọ̀wé wọn, b kékeré ni bíìtì, B ńlá ni báìtì. Bí ẹ bá rí Mbps, mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ni. Bí ẹ bá rí MB tàbí GB, mẹ́gábáìtì àti gígábáìtì ni. Mẹ́gá jẹ́ mílíọ̀nù kan, gígá jẹ́ ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù. Àwọn tí ń polówó mọ̀ dáadáa pé 100 wu ojú ju 12 lọ, n kò sì rò pé wọn yóò tètè fi bíìtì sílẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ fi 8 pín iye tí ó wà nínú ìpolówó. 10 yóò di 1.25, 25 yóò di 3.125, 100 yóò di 12.5. Nínú ètò íntánẹ́ẹ̀tì tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé jáde fún ọdún 2020 sí 2025, mẹ́gábíìtì 25 ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n ìyára fún ìlú ńlá, 10 fún ìgbèríko. Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé ìgbèríko yóò ní 10, ẹ mọ̀ pé mẹ́gábáìtì kan àti díẹ̀ ni yóò máa wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Ìṣirò yìí kan náà ni yóò sọ fún yín bí dátà ṣe ń tán. Ẹni tí ó ra dátà gígábáìtì 1, tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń sáré ní mẹ́gábíìtì 10, bí ó bá jẹ́ kí ó máa wọlé láìdúró, ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú àáyá 20 ni dátà náà yóò fi tán. Ìyára kò fi báìtì kan kún dátà ẹnikẹ́ni. Ó tilẹ̀ lè mú un tètè tán, nítorí pé ọ̀pọ̀ fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń sọ àwòrán rẹ̀ di èyí tí ó mọ́ jù bí ó bá ti rí i pé ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìyára pàápàá ń jẹ dátà: bí ìyára bá jẹ́ mẹ́gábíìtì 100, tí ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá 10 wọ̀n ọ́n, mẹ́gábáìtì 125 ti lọ. Kí ẹni tí ń lo dátà orí fóònù má ṣe fi wíwọ̀n ṣe eré ìdárayá.

Ẹlòmíràn yóò ra fláàṣì tí wọ́n kọ 64 GB sí, kọ̀ǹpútà yóò sọ fún un pé 59 ni. Ọ̀rọ̀ ti ibí yìí yàtọ̀. Ẹni tí ó ṣe fláàṣì fi 1,000 ka ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà fi 1,024 kà á. Ẹ má ṣe dá oníṣọ́ọ̀bù náà dúró.

Bí a bá ti fi 8 pín in tán, ìdajì ọ̀rọ̀ ni a ṣì sọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìpolówó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú fò. Wọn kì í sábà sọ pé “100”. Ohun tí wọ́n ń sọ ni “títí dé 100”. Ẹni tí ó bá rí 30 kò lè pè wọ́n lẹ́jọ́, nítorí pé 30 wà nínú títí dé 100, 3 pàápàá wà nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní Ìlú Ọba ti jẹ nínú ìyà yìí. Títí di 2018, òfin ìpolówó ibẹ̀ gbà kí ilé-iṣẹ́ polówó ìyára tí kì í ju ẹni 10 nínú 100 àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ tí ó ń rí i. Láti ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 2018 ni òfin ti yí padà, pé ó kéré tán kí ìdajì àwọn oníbàárà lè rí ìyára náà láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́. Ìdí tí wọ́n fi mú alẹ́ ni pé ìgbà náà ni gbogbo ilé ń lò ó.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà gan-an. Íntánẹ́ẹ̀tì dà bí ẹ̀rọ omi àdúgbò: páìpù ńlá kan ni ó wá láti òde, gbogbo ilé sì ń fà nínú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ṣí i ní òru, omi yóò tú jáde. Bí gbogbo ilé bá ṣí i pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, yóò máa sẹ̀ tíntín. Òpó tí fóònù ń bá sọ̀rọ̀ kò yàtọ̀. Gbogbo fóònù tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ó ń pín ohun tí ó ní. Lẹ́yìn òpó náà, ọ̀nà ṣì jìn. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ń wò ń gba inú àwọn wáyà abẹ́ òkun tí ó gúnlẹ̀ sí Èkó wọlé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí mẹ́rin nínú àwọn wáyà náà bàjẹ́ nítòsí Abidjan, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, íntánẹ́ẹ̀tì fà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, títí kan àwọn ilé ìfowópamọ́ wa. Iye tí a kọ sínú ìwé owó kò yí padà ní ọjọ́ náà.

Ẹrù pẹ̀lú ń gba àpò. Bí a ti ń fi lẹ́tà sínú àpò ìwé tí a kọ àdírẹ́sì sí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ń ṣe sí gbogbo ohun tí ó bá fẹ́ fi ránṣẹ́. Nínú báìtì 1,538 tí ó bá gba orí wáyà kọjá, 1,460 péré ni ẹrù tiwa, ìyókù jẹ́ àdírẹ́sì àti àlàfo. Nǹkan bí 5 nínú 100 nìyẹn, kò tó ohun tí à ń jà sí.

Èyí tí ó tó ohun tí à ń jà sí ni fífi ránṣẹ́. Iye tí ó wà nínú ìpolówó, ti gbígbà wọlé ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ti fífi jáde lè kéré sí i jìnnà. Nígbà tí àjọ tí ń ṣe àkóso rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tún òṣùwọ̀n tirẹ̀ ṣe ní 2024, mẹ́gábíìtì 100 ni ó fún gbígbà wọlé, 20 ni ó fún fífi jáde. Ẹni tí ń wo fídíò nílé lè má mọ̀ ọ́n lára. Ẹgbẹ́ tí ń fi ẹ̀dà ìwé owó rẹ̀ pamọ́ síbòmíràn ní alaalẹ́ yóò mọ̀ ọ́n. Bí fáìlì náà bá jẹ́ mẹ́gábáìtì 500, tí ọ̀nà ìjáde sì jẹ́ mẹ́gábíìtì 2, yóò gba ìṣẹ́jú 33 ó lé díẹ̀. Bí iná bá lọ ní ìṣẹ́jú 30, ó lè jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ ni akápò yóò tún padà sí.

Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ tó fi owó yín san ti ọdún kan, kí akọ̀wé kọ lẹ́tà sí ẹni tí ń tà á, kí ó sì gba èsì nínú ìwé, kì í ṣe lẹ́nu. Kí ó béèrè pé mẹ́gábíìtì mélòó ni yóò máa wọlé, mélòó ni yóò máa jáde, kì í ṣe “títí dé” mélòó, bí kò ṣe èyí tí kò ní relẹ̀ jù ú lọ ní aago mẹ́jọ alẹ́. Kí ó béèrè ìlé mélòó tàbí ọ́fíìsì mélòó ni ó ń pín ọ̀nà kan náà. Kí ó béèrè bóyá dátà ní òdiwọ̀n, pé bí gígábáìtì bá tó iye kan nínú oṣù, ṣé wọn yóò dín ìyára kù, dé ibo sì ni. Bí wọ́n bá sọ pé kò ní òdiwọ̀n, kí wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Bí wọ́n bá ti so ó tán, kí ẹnìkan máa wọn ìyára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Kí ó jókòó ti ẹ̀rọ náà, tàbí kí ó fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, nítorí pé ògiri méjì tó láti ba wáífàì jẹ́, ẹni tí ń tà á yóò sì fi ìyẹn dáhùn. Speedtest àti Fast wà fún irú iṣẹ́ yìí, mẹ́gábíìtì ni àwọn méjèèjì sì ń fi sọ̀rọ̀, nítorí náà kò sí pé à ń fi 8 pín in nígbà tí a bá fẹ́ fi í wé ìwé àdéhùn. Ìwé ọ̀sẹ̀ kan yẹn ni kí alága mú dání bí ó bá ń lọ bá wọn sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n dá owó padà.